Ìró òòlù lára irin: bí Amẹ́ríkà ṣe kọ́ ìdóòlà ẹni tó há sínú ọkọ̀ abẹ́ omi

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ kékeré Titan wọ inú òkun Àtìláńtíkì lọ tí kò jáde mọ́, ìròyìn kan wà tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa lè gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń wá ọkọ̀ náà gbọ́ ìró lábẹ́ omi, bí ẹni ń fi nǹkan lu irin, ní bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra wọn. Kíá làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò afẹ́fẹ́ tó kù fún àwọn márààrún tó wà nínú rẹ̀: wákàtí mélòó ló kù, ta ni yóò sì tètè dé ọ̀dọ̀ wọn? Ìró náà kì í ṣe tiwọn. Ọkọ̀ wọn ti fọ́ túútúú láti ọjọ́ tí wọ́n wọlẹ̀, gbogbo wọn sì ti kú kí ẹnikẹ́ni tó jáde wá wọn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ẹ̀ṣọ́ Etíkun Amẹ́ríkà gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde, ìwé tó lé ní 300 ojú ewé, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ikú àwọn èèyàn náà ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kan ọkọ̀ náà kò dára tó, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò dára tó, kò sì sí àjọ aláìdúró-sápá-kan tó fọwọ́ sí i pé ó lè gbé ènìyàn. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn láti ìgbà náà ni pé: ṣé ó ṣeé ṣe rárá láti lọ mú ènìyàn jáde láàyè nísàlẹ̀ òkun? Ó ṣeé ṣe. Wọ́n ti ṣe é rí, ní ọdún 1939, wọ́n sì mú ènìyàn 33 jáde. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, àkókò kan wà tí ìró òòlù lábẹ́ omi jẹ́ òótọ́, tí àwọn tó wà lókè gbọ́ ọ, tí wọ́n tilẹ̀ dáhùn, tí wọn kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ tí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn tó ń lu irin.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ó yẹ ká mọ irú ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ní láàárín ogun àgbáyé kìíní àti ìkejì. Ọkọ̀ abẹ́ omi ìgbà náà kì í gbé abẹ́ omi fún oṣù mẹ́ta bíi tòde òní. Ojú omi ló máa ń wà. Ìgbà tó bá fẹ́ fara pamọ́ tàbí tó bá fẹ́ kọlu ọ̀tá nìkan ló ń wọlẹ̀. Lójú omi, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń wà á, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sì ń mí bí ènìyàn ni; ẹ dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ó kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ihò ńlá kan sókè ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ bá ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá fẹ́ wọlẹ̀, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á dé ihò náà pa, wọ́n á wá máa fi bátìrì tu ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ihò yìí. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti dé e, tàbí tí ìdérí rẹ̀ bá kọ̀ tí kò dé, ibẹ̀ ni òkun yóò gbà wọlé. Bátìrì náà ní ewu tirẹ̀: bí omi iyọ̀ bá kàn án, gáàsì klorínì ló ń tú jáde, èyí tó ń jó ènìyàn láti ọ̀fun dé ẹ̀dọ̀fóró.

Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ni àwọn tí wọ́n ń fi lẹ́tà S pè. 51 ni wọ́n kàn. Inú wọn há, ó gbóná, omi ń kán láti ara irin sórí ibùsùn, òórùn dísẹ́ẹ̀lì sì ń wọ aṣọ, ó ń wọ oúnjẹ. Àwọn atukọ̀ fúnra wọn ló sọ wọ́n ní ọkọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ogun ti parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ náwó sórí ohun ìjà, nígbà tó sì di ọdún 1930, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní London tún dín iye ọkọ̀ abẹ́ omi tí Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Jàpáánù lè ní kù. Àwọn ọkọ̀ S wọ̀nyí ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ogun níṣẹ́, àwọn náà ló sì ń rì.

Ihò afẹ́fẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ mú S-5, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1920, nítòsí etíkun Delaware. Wọ́n ń wọlẹ̀ lọ, ihò náà ṣì ṣí sílẹ̀, omi sì ya wọ yàrá tọ́pídò, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà abẹ́ omi sí, níwájú. Imú ọkọ̀ lọ gún ìsàlẹ̀ òkun níbi tó jìn tó bíi mítà 55. Charles Cooke tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ lé omi inú táńkì ẹ̀yìn dà nù. Ìdí ọkọ̀ bá gbéra, imú rẹ̀ sì dúró síbi tó wà, ni ọkọ̀ náà bá nàró bí òpó nínú òkun, tí díẹ̀ nínú ìdí rẹ̀ yọ sókè omi. Àwọn atukọ̀ ń pọ́n inú ọkọ̀ ara wọn bí ẹni ń pọ́n àgbọn, nínú òkùnkùn, klorínì ń lé wọn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òkè pátápátá, wọ́n mú ohun tí wọ́n fi ń lu irin, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wákàtí lórí wákàtí, títí wọ́n fi dá ihò kékeré kan sí ara ọkọ̀. Wọ́n so ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ páìpù, wọ́n sì tì í síta bí àsíá.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Alanthus rí àsíá náà. Ọ̀gá ọkọ̀ ọ̀hún fi ọkọ̀ kékeré sún mọ́ ihò náà, ó béèrè pé ọkọ̀ wo nìyí. Wọ́n ní S-5. Orílẹ̀-èdè wo? Amẹ́ríkà. Níbo lẹ ń lọ? Cooke dá a lóhùn láti inú ihò pé ọ̀run àpáàdì làwọn dorí kọ. Gbogbo wọn ló yè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yọ wọ́n: ọkọ̀ náà gùn tó bíi mítà 70, omi sì jìn ní mítà 55. Ká ní omi ibẹ̀ jìn ju ọkọ̀ lọ ni, ìdí ọkọ̀ kò ní yọ sókè, kò sì sẹ́ni tí yóò rí ṣẹ́ẹ̀tì kankan.

Ìtàn Henry Breault náà kò gbọdọ̀ fo wá ru. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1923, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Abangarez kọlu ọkọ̀ abẹ́ omi O-5 lẹ́nu ọ̀nà omi àtọwọ́dá Panama (Panama Canal), ọkọ̀ náà sì ń rì lọ ní wàràwàrà. Breault ti dé òkè, ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìta, kó kàn bẹ́ sómi ló kù. Ó rántí pé Lawrence Brown ṣì wà nísàlẹ̀. Ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lórí kí omi má bàa bá wọn. Àwọn méjèèjì wà nínú yàrá tọ́pídò fún bíi wákàtí 31 títí kíréènì ńlá fi gbé imú ọkọ̀ náà sókè. Ààrẹ Coolidge fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ènìyàn mẹ́ta ló kú níbẹ̀.

Ó wá ku S-51. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1925, ọkọ̀ èrò tó ń jẹ́ City of Rome gún un nítòsí Block Island. Nínú ènìyàn 36, mẹ́ta péré ló yè. Wọ́n ní kí S-1 lọ wá a, ọ̀gá S-1 nígbà náà sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Momsen, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Swede. Ohun tó rí kò ju epo tó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi lọ. Ó mọ̀ pé abẹ́ epo yẹn làwọn ọ̀rẹ́ òun wà, ní mítà 40 péré, kò sì sí nǹkan tí òun tàbí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo iléeṣẹ́ ogun ojú omi lè ṣe. Mítà 40 kò tó ìdajì gígùn pápá bọ́ọ̀lù.

Momsen padà sílé, ó ya àwòrán agogo irin kan. Èrò rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ẹ da ife dé sínú báálí omi, ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi kún un. Kí wọ́n ṣe ife ńlá báyìí, kí wọ́n fi wáyà tọ́ ọ lọ bá ọkọ̀ tó rì, kí ó gúnlẹ̀ sórí ẹnu ọ̀nà àbájáde ọkọ̀, kí rọ́bà tó wà létí rẹ̀ dí ibẹ̀ pa, kí wọ́n lé omi tó wà láàárín jáde, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá tó ń rí sí kíkan ọkọ̀ ní Washington. Ó retí èsì, ó lé ní ọdún kan, èsì kò dé. Nígbà tí wọ́n wá gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì yẹn, ibẹ̀ ló ti bá ìwé rẹ̀ nínú òkìtì ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ó gbé e dìde, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń ṣàlàyé. Wọ́n ní kò lè ṣiṣẹ́ lójú òkun, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà tì.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni S-4 rì.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1927 ni, nítòsí Provincetown ní Massachusetts. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọtí nígbà náà, ọkọ̀ Paulding ti Ẹ̀ṣọ́ Etíkun sì ń ṣọ́ àwọn onífàyàwọ́ ọtí lójú òkun. S-4 yọ jáde láti abẹ́ omi, àfi gbàà níwájú Paulding, kò sì sí àyè láti yà. Ènìyàn 40 ló wà nínú S-4, ọkọ̀ náà sì rì síbi tí kò jìn ju bíi mítà 31 lọ. Ọjọ́ kejì, amòòkùn kan tó ń jẹ́ Thomas Eadie sọ̀ kalẹ̀, bàtà irin rẹ̀ kan ara ọkọ̀. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, ó ń lu irin, ó ń tẹ́tí. Ẹ̀yìn, kò sí èsì. Àárín, kò sí èsì. Nígbà tó dé ibi yàrá tọ́pídò níwájú, èsì dé láti inú lọ́hùn-ún: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Àwọn mẹ́fà ló ṣì wà láàyè, Graham Fitch sì ni ọ̀gá tó wà láàárín wọn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi kóòdù Mọ́ọ̀sì, ìró kúkúrú àti gígùn tó dúró fún lẹ́tà, bá ara wọn sọ̀rọ̀, òòlù nísàlẹ̀, ẹ̀rọ lókè. Nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ń bàjẹ́, òtútù sì mú. Lókè, ìjì dé, ìgbì ga tó bẹ́ẹ̀ tí páìpù afẹ́fẹ́ amòòkùn kejì, Fred Michels, lọ́ mọ́ irin fífọ́, tí Eadie fi ní láti tún sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ọ́ kí ó tó kú. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ béèrè ìbéèrè kan tí gbogbo Amẹ́ríkà kà nínú ìwé ìròyìn: "Ṣé ìrètí kankan wà?" Wọ́n dá wọn lóhùn pé ìrètí wà, pé gbogbo ohun tó ṣeé ṣe làwọn ń ṣe. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ rì, ìró òòlù náà dákẹ́.

Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi ìdáhùn yẹn ni ọkàn mi máa ń dúró sí. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò purọ́. Gbogbo ohun tó ṣeé ṣe ni wọ́n ń ṣe lóòótọ́. Ohun tó yẹ kó ti ṣeé ṣe ló wà nínú àwòrán tí wọ́n ti dá padà ní Washington. Kì í ṣe àìmọ̀ ló pa àwọn mẹ́fà wọ̀nyẹn, èmi kò sì gbà pé ìjì nìkan ni.

Aráàlú náà kò gbà. Lẹ́tà ya bo iléeṣẹ́ ogun ojú omi, àwọn aṣòfin ń béèrè ọ̀rọ̀, owó tí kò sí tẹ́lẹ̀ sì yọjú. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde ni àpò ìmí tí Momsen, Frank Hobson àti Clarence Tibbals jọ ṣe, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dọ̀fóró Momsen. Àpò rọ́bà ni, ẹni tó fẹ́ jáde á gbé e kọ́rùn. Ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, èròjà kan sì wà níbẹ̀ tó ń fa èéfín tí ènìyàn ń mí jáde mu kí ó lè tún afẹ́fẹ́ náà mí. Onítọ̀hún á wá máa di okùn mú gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹni tó bá yára jù, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bẹ́.

Ibi tí wọ́n ti dán an wò ni kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ní oṣù Kẹta ọdún 1928, wọ́n gbé S-4 sókè, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ ìdánwò. Momsen àtàwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wọnú ọkọ̀ tí ènìyàn 40 kú sí, wọ́n jẹ́ kí ó rì lọ sísàlẹ̀ òkun pẹ̀lú wọn nínú, wọ́n ṣí omi wọlé mọ́ ara wọn, wọ́n sì gbé àpò náà kọ́rùn jáde. Léraléra ni wọ́n ṣe é. Bákan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ padà: ẹnu ọ̀nà àbájáde ní etí pẹrẹsẹ tí agogo lè jókòó lé, àti àmì tó ń léfòó tí ẹni tó há lè tú sókè, tẹlifóònù wà nínú rẹ̀. Agogo náà fúnra rẹ̀, Allan McCann ló parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1930, orúkọ McCann ló sì ń jẹ́ títí dòní.

Wọ́n gbé e pamọ́, wọ́n ń fi í kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́jọ ó lé kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1939, Squalus, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n kàn ní Portsmouth, jáde lọ sí ìtòsí Isles of Shoals fún ìdánwò. Ènìyàn 59 ló wà nínú rẹ̀. Pátákó kan wà nínú yàrá ìdarí tó kún fún iná kéékèèké, pupa fún ihò tó ṣí, àwọ̀ ewé fún èyí tó ti dé. Gbogbo iná di àwọ̀ ewé, Oliver Naquin tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ sì pàṣẹ pé kí wọ́n wọlẹ̀. Wọn ò tíì wọlẹ̀ tán dáadáa tí ohùn fi dé láti ẹ̀yìn pé omi ti ń wọ yàrá ẹ́ńjìnnì. Ihò afẹ́fẹ́ yẹn náà ni, irú èyí tó mú S-5 ní ọdún 19 sẹ́yìn.

Lloyd Maness ló wà nídìí ilẹ̀kùn irin tó la ọkọ̀ sí méjì. Ìdí ọkọ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀, nítorí náà òkè ló ní láti fa ilẹ̀kùn wúwo náà sí kí ó tó lè tì í. Ó ń fà á, ó sì ń dúró de ẹni tó bá ṣì lè dé. Àwọn mélòó kan sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, omi ti rin wọ́n gbindingbindin. Nígbà tí omi fẹ́ bo ẹnu ọ̀nà, ó tì í. Ènìyàn 26 ló kú sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn 33 wà níwájú, ní mítà 74 sísàlẹ̀, nínú òtútù, Naquin sì ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tó wọn.

Wọ́n tú àmì tó ń léfòó sókè, Sculpin tó jẹ́ ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn sì rí i. Ọ̀gá méjèèjì gbọ́ ohùn ara wọn lórí tẹlifóònù fún ìgbà díẹ̀, ìgbì sì já wáyà. Òòlù ni wọ́n tún padà sí. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Falcon gbé agogo dé, Momsen àti McCann wà níbẹ̀, amòòkùn Martin Sibitzky sì sọ̀ kalẹ̀ lọ so wáyà mọ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde. Agogo tọ wáyà náà lọ, ó gúnlẹ̀, wọ́n lé omi jáde, ìwúwo òkun fúnra rẹ̀ tẹ agogo mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbójú sókè, wọ́n rí ènìyàn. Wọ́n fún wọn ní kọfí àti ọbẹ̀ gbígbóná.

Ìrìnàjò kìíní gbé ènìyàn méje, ìkejì mẹ́sàn-án, ìkẹta mẹ́sàn-án. Ìkẹrin ló gbé àwọn mẹ́jọ tó kù, Naquin wà lára wọn. Ní ìdajì ọ̀nà, wáyà há. Wáyà tó ń gbé agogo náà ti ń já fọ́nrán fọ́nrán, kò sì ṣeé fi ẹ̀rọ fà mọ́. Ọwọ́ ni àwọn ọkùnrin orí Falcon fi fà á nínú òkùnkùn, díẹ̀díẹ̀, tí àwọn tó wà nínú agogo náà ń lé omi jáde nínú táńkì díẹ̀díẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ó gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Kí aago kan òru tó lù, gbogbo àwọn 33 ti wà lókè. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀. Omi ni wọ́n bá.

Irin tó wà láìfọ́ ni gbogbo èyí dúró lé, ìdí náà sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Titan fi yàtọ̀. Ní gbogbo mítà mẹ́wàá tí ènìyàn bá wọlẹ̀ sí, ìwúwo omi tó ń tẹ̀ ẹ́ ń lé sí i ní ìwọ̀n gbogbo afẹ́fẹ́ ayé. Squalus há síbi tí irin rẹ̀ ṣì lè gbà mọ́ra. Ọkọ̀ abẹ́ omi O-9, tó wọlẹ̀ fún ìdánwò nítòsí ibì kan náà ní oṣù Kẹfà ọdún 1941, kọjá ibẹ̀, omi fún un pa pẹ̀lú ènìyàn 33. Titan ń lọ wo àwókù ọkọ̀ Titanic tó wà ní bíi mítà 3,800. Níbẹ̀, kò sí yàrá tí ènìyàn lè dúró sí kí ó máa lu irin.

Ti Kursk, ọkọ̀ abẹ́ omi Rọ́ṣíà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000 ló tún jọ ti S-4. Mítà 108 ló wà, ènìyàn 118 kú, 23 nínú wọn sì kọ́kọ́ yè, wọ́n kó ara wọn jọ sí yàrá ẹ̀yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn tilẹ̀ kọ lẹ́tà nínú òkùnkùn. Ọkọ̀ ìdóòlà Rọ́ṣíà kò lè jókòó dáadáa sórí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ lọ kí ìjọba tó gba ìrànwọ́ àwọn ará ìta, nígbà tí àwọn amòòkùn Norway sì ṣí ilẹ̀kùn, omi ti kún ibẹ̀. Ìyẹn ló bí ọ́fíìsì àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, kí orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀ bá rì lè mọ ẹni tí yóò pè, àti ibi tí agogo tó sún mọ́ ọn jù wà.

Argentina pè ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀, ARA San Juan, sọnù pẹ̀lú ènìyàn 44. Amẹ́ríkà kó agogo, ọmọ bíbí inú èyí tí McCann parí, sínú ọkọ̀ òfurufú ńlá, ó gbé e dé Argentina láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ìdílé ń dúró ní Mar del Plata. Ọkọ̀ tó ń wá San Juan gbọ́ ìró bí ẹni ń lu irin, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀dá inú òkun ló ń ṣe é. Ó gba ọdún kan kí wọ́n tó rí San Juan, ní mítà 907, omi ti fún un pa. Agogo ti padà sílé tipẹ́ láì gbé ẹnì kankan.